Oníbodè Kì í Ṣe Jagunjagun: Alábòójútó Yàrá Ìpè àti Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọ̀gá Ọlọ́pàá

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, nìyí: mo ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn alábòójútó yàrá tí wọ́n ti ń gba ìpè pàjáwìrì jókòó nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pa zémidjan, ọ̀kadà akérò yín, tì wá gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ọlọ́pàá tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ jókòó níwájú níbí, mo kí yín lọ́tọ̀, torí iṣẹ́ yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ojú yín ni mo sì fẹ́ sọ ọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo gba iwájú Àkàbà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà odi àtijọ́ ìlú yìí, kí n tó dé ibí. Ọmọ Kétu ni mí, mo ti gba ibẹ̀ kọjá àìmọye ìgbà nígbà èwe láìwo ẹ̀gbẹ́. Lónìí mo dúró. Nígbà tí odi ṣì yí ìlú yìí ká, kí ogun Dàhòmì tó fọ́ ọ ní 1886, oníbodè ló ń jókòó sẹ́nu irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Òun kọ́ ni balógun, kì í lọ sójú ogun. Ṣùgbọ́n òun ló ń kọ́kọ́ rí ẹni tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ni àwọn ará ilé fi ń mọ̀ bóyá apó ni kí àwọn gbé tàbí omi àlejò ni kí àwọn bù. Bó bá pe oníṣòwò ní ọ̀tá, ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ á ta sílẹ̀. Bó bá pe ọ̀tá ní oníṣòwò, ìlú ti bọ́ nìyẹn.

Ọdún 19 ni mo fi ṣe oníbodè ní Amẹ́ríkà, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Bodè tèmi kò ní ìlẹ̀kùn onígi. Fóònù ni.

Nọ́ńbà 911 ni wọ́n ń pè lọ́hùn-ún, bí àwa náà ṣe ń pe 117 fún ọlọ́pàá àti 118 fún panápaná. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tó gbé ìpè gbọ́dọ̀ bi ènìyàn ni “Níbo?” “Kí ló ṣẹlẹ̀?” ló tẹ̀ lé e. Bí ìlà bá já lẹ́yìn tí mo ti mọ ibi tó wà, mo lè rán ènìyàn lọ. Bó bá já lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ gbogbo ìtàn láìmọ ibẹ̀, kò sí ohun tí mo lè fi ìtàn náà ṣe. Bí mo ṣe ń gbọ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn jókòó sí apá kejì yàrá, ó ń ka ohun tí mo tẹ̀, òun ló ń bá àwọn ọlọ́pàá tó wà nínú ọkọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn: ó kúrò lẹ́nu ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ó wọ etí mi, ó bọ́ sí ìka mi, ó dé ojú ẹnìkejì mi, ó jáde lẹ́nu rẹ̀, ìgbà náà ló tó dé etí ọlọ́pàá. Kò sí ibi tí kò ti lè jábọ́ lójú ọ̀nà náà.

Alábòójútó ló ń dúró lẹ́yìn gbogbo wọn. Ọdún 10 tó kẹ́yìn ni mo fi ṣe ìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wo òru kan. Ọlọ́pàá kan pariwo ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lórí rédíò pé kí wọ́n gba òun. Ó dákẹ́. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, gbogbo ọlọ́pàá tó wà níta fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n bá sì jọ sọ ọ́, bí ẹni tó wà nínú ewu bá tún pè, a kò ní gbọ́ ọ. Alábòójútó ló ń sọ pé kí gbogbo wọn pa ẹnu mọ́. Òun ló ń mú ọkọ̀ tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, tó ń dá àwọn yòókù dúró kí ìlú má bàa ṣófo, tó ń pe ìlú tó múlé tì wá fún ìrànlọ́wọ́, tó ń pe ọkọ̀ aláìsàn kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ẹnì kan fara pa. Ó tún ń wo ọmọbìnrin tó di rédíò mú, bóyá ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, bóyá ó yẹ kí òun rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì sí sájẹ́ǹtì kankan níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́. Obìnrin kan tí kò gbé ìbọn, tí kò wọ aṣọ ọlọ́pàá, ló ń darí àwọn tó gbé ìbọn.

Alágbádá ni wọ́n ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. Ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń pín iṣẹ́ sí ìsọ̀rí, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2018, fi àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì sí abẹ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì, pẹ̀lú akọ̀wé àti àwọn tó ń to fáìlì. Ọlọ́pàá àti panápaná wà ní ìsọ̀rí àwọn tó ń dáàbò bo ará ìlú. Ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró kí ọmọ ilé-ìwé lè sọdá wà níbẹ̀. Àwa kò sí níbẹ̀. Àwọn aṣòfin kan ti ń gbìyànjú láti fi òfin yí i padà. Mi ò mú èyí wá láti bínú. Ibi tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ sí ni wọ́n ti ń pè ọ́ sípàdé, ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 2014, ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan pe 911. Ó ní ẹnì kan wà ní ọgbà ìṣeré tó ń na ìbọn sí àwọn ènìyàn. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ìbọn náà má jẹ́ ìbọn gidi. Ó tún ní ó ṣeé ṣe kí ẹni náà jẹ́ ọmọdé. Gbólóhùn méjèèjì yìí kò dé etí àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n rán lọ. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ìbọn. Ọkọ̀ wọn dé, láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì ọ̀kan nínú wọn ti yìnbọn. Tamir Rice ni orúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún 12. Ìbọn ìṣeré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ kejì.

Ní 2017, wọ́n dá ẹni tó gba ìpè náà dúró níbi iṣẹ́ fún ọjọ́ 8. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ ní ti yàrá ìpè. Lọ́kàn tèmi, kò parí. Mo ti jókòó sórí àga yẹn. Mo mọ̀ pé “ìbọn” máa ń bo gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e mọ́lẹ̀. Kí ènìyàn tó lè mọ̀ pé “bóyá ọmọdé ni” wúwo bákan náà, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọlọ́pàá máa fi ṣe: bóyá á dúró sí òkèèrè, bóyá á fi ọkọ̀ bo ara rẹ̀, bóyá á kọ́kọ́ pè é kó dáhùn. Níbo ni ẹni tó wà ní yàrá ìpè ti fẹ́ mọ èyí, bí kò bá jókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ? Àti sájẹ́ǹtì náà, níbo ló ti fẹ́ kọ́ láti béèrè pé “Kí ni ẹni tó pè sọ gan-an?” kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀?

Ṣáájú ìyẹn, ní 2008, ní Florida, wọ́n jí Denise Amber Lee gbé. Obìnrin kan tó ń wakọ̀ lọ gbọ́ igbe láti inú ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pe 911, ó sọ ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ọlọ́pàá wà nítòsí. Iṣẹ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n pa á. Ọlọ́pàá ni bàbá tó bí i, ní agbègbè yẹn kan náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Florida ṣòfin pé dandan ni kí ẹni tó ń gba ìpè gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Mo rí ohun kan nínú ìtàn iṣẹ́ yìí tí mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ọdún 1935 ni FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, dá ilé-ẹ̀kọ́ National Academy sílẹ̀, tí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ti ń lo ọ̀sẹ̀ 10 ní Quantico títí dòní. Ọdún 1935 kan náà ni wọ́n dá APCO sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ń mójú tó rédíò ọlọ́pàá àti ìpè pàjáwìrì. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé kan jó ní òpópónà Wimpole ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin márùn-ún kú. Aládùúgbò wọn ti pe panápaná, ṣùgbọ́n orí ìlà ni wọ́n fi í sí tó ń dúró. Iná yẹn ló bí 999, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì wọn, ní 1937. Amẹ́ríkà kò ní tirẹ̀ títí di oṣù kejì 1968, nígbà tí wọ́n pe 911 fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Haleyville, ní Alabama. Ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá àti ẹgbẹ́ àwọn onírédíò, ìbejì ni wọ́n. Inú ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá tọ́ wọn dàgbà. APCO ní ẹ̀kọ́ aṣáájú tirẹ̀, ó sì dára, mo ṣe é. Ṣùgbọ́n àwa nìkan la wà níbẹ̀, à ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nípa sájẹ́ǹtì tí kò sí níbẹ̀.

Ní ọdún kẹta tí mo di alábòójútó, àjọ ọlọ́pàá ìlú tí mo wà ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan fún àwọn sájẹ́ǹtì tuntun: bí a ṣe ń darí ènìyàn, bí a ṣe ń pinnu nígbà tí àkókò kò sí, bí a ṣe ń bá ẹni tó ṣàṣìṣe wí. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n fi mí kún un. Èsì rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: àwọn tó ti búra iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ẹ̀kọ́ náà wà fún. Òótọ́ ni, n kò búra. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ọ̀kan nínú àwọn sájẹ́ǹtì tó wá láti kíláàsì náà pè mí lórí rédíò, ó ní ta ni kí òun rán, síbo. Mo sọ fún un. Ó sì ṣe bí mo ṣe sọ.

Ó tó ọdún mẹ́ta sí i kí ọ̀gá tuntun tó dé, tó gbà kí àwa méjì wọlé. A jókòó sẹ́yìn pátápátá. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ fún wa ní ìṣòro kan lórí ìwé: bàbá àgbà kan tí iyè rẹ̀ ti ń ra jáde nílé lóru, òtútù ń mú. Ó ní kí sájẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan kọ ohun mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó máa ṣe. Kò sí ẹni tó kọ “béèrè lọ́wọ́ yàrá ìpè.” Mo na ọwọ́. Mo ní gbogbo ìpè tó ti wá láti ilé kan rí ló wà nínú kọ̀ǹpútà wa. Bí bàbá yìí bá ti sọnù rí, ibi tí wọ́n ti rí i nígbà yẹn wà lákọsílẹ̀, nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ajá tó ń gbéni jẹ nínú ọgbà náà wà níbẹ̀. Sájẹ́ǹtì kan tó ti ṣiṣẹ́ ọdún 12 yíjú padà wò mí. Ó ní, “A lè béèrè ìyẹn lọ́wọ́ yín?” Ọdún 12!

Èmi náà gba tèmi. Bí ọlọ́pàá kò bá dá mi lóhùn lórí rédíò, ṣe ni mo máa ń pè é léraléra, mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe fún un. Sájẹ́ǹtì kan ní kí n di ọwọ́ òun méjèèjì mú dáadáa. Mo dì í mú. Ó ní kí n wá pe òun kí òun tẹ bọ́tìnì tó wà léjìká òun láti dáhùn. Kò ṣeé ṣe. Ó ní, “Bí ọwọ́ mi ṣe máa ń rí nìyí nígbà tí o bá ń pè mí. Ẹni tí mo dì mú ń gbọ́ ohùn rẹ, ara rẹ̀ túbọ̀ ń gbóná.” A fẹnu kò níbẹ̀ pé màá pè lẹ́ẹ̀kan, màá ka ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, màá rán ọkọ̀ kejì láì tún pè. Kò sí ìwé tó kọ́ wa ní ìyẹn. Ìjókòó pọ̀ ló kọ́ wa.

Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Òru ni, yìnyín wà nílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan gun orí òrùlé, ó mú ọ̀bẹ dání. Ìyá rẹ̀ wà lórí fóònù pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀ láìdúró. Sájẹ́ǹtì tó dé ibẹ̀ ni èyí tó fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Kò kọ́kọ́ bèèrè ọ̀bẹ. Ó pè mí, ó ní, “Kí ni ìyá ń sọ?” Mo fi etí sí ìlà náà fúnra mi. Ìyá ń sọ pé láti ìgbà tí ọmọ òun ti ti ilé ìwòsàn dé, iná tó bá ń ṣẹ́jú máa ń dà á lórí rú. Ó sọ orúkọ tí wọ́n fi ń kẹ́ ẹ nílé. Mo sọ méjèèjì fún sájẹ́ǹtì. Mo gbọ́ tó ní kí gbogbo ọkọ̀ pa iná òkè wọn. Mo gbọ́ tó pe orúkọ náà. N kò ní sọ orúkọ náà níbí, ti ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ ni. Ogójì ìṣẹ́jú ni ó gbà, ọmọ náà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ká ní n kò mọ sájẹ́ǹtì yẹn, ká ní ohùn lásán ni èmi náà jẹ́ fún un, ó ṣeé ṣe kó má béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, mọ Zangbeto, eégún tí ń ṣọ́ òru níbẹ̀: a kì í rí ojú rẹ̀, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ohùn yàrá ìpè kò ní irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí a rí ojú ara wa lẹ́ẹ̀kan kí ohùn tó ní ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn àwọn tó ń tako ọ̀rọ̀ yìí, torí pé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àwọn kan ní alágbádá kò gbọ́dọ̀ kọ́ nípa ìbọn àti bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀daràn. Mo gbà. Ẹ lé wa jáde ní ọjọ́ yẹn, a ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan ní owó. Àga méjì nínú kíláàsì tó ti wà nílẹ̀ kò tó owó tí ènìyàn ń jiyàn lé. Èyí tó le gan-an ni èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ sọ: yàrá ìpè kì í ti ìlẹ̀kùn. Bí alábòójútó méjì bá lọ kàwé ní ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó kù ni yóò ṣe iṣẹ́ wọn lóru, ó sì ti rẹ àwọn yẹn náà. Mo rí obìnrin kan tó sunkún torí pé wọ́n fẹ́ fi í kún ẹ̀kọ́ tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí ó mọ ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ pẹ̀lú oorun. Ẹni tó bá ní kí àwọn alábòójútó wá, kó kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò jókòó sórí àga wọn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹrù ló fi kún ẹrù.

Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá lágbàáyé, IACP, ní ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n mú ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ ológun West Point. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ipò aṣáájú kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lókè. Ó yẹ kó tàn ká gbogbo ilé iṣẹ́. Bí a bá gba èyí gbọ́, kí ló dé tí a fi dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpè?

Ẹ ó ní Amẹ́ríkà jìnnà sí Kétu. Ó jìnnà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ti ṣe ohun tó le ju èyí lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, wọ́n pa ọlọ́pàá àti gendarme pọ̀, wọ́n di Police Républicaine. Ológun ni àwọn kan, àwọn kan kì í ṣe ológun. Ìkíni wọn yàtọ̀, àṣẹ wọn yàtọ̀. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ bó ti rí. Wọ́n jókòó sábẹ́ ọ̀gá kan náà. Bí ìyẹn bá ṣeé ṣe, àga méjì fún àwọn tó ń gbé 117 kò lè ṣòro.

Tiwa níbí tún ní ohun tí Amẹ́ríkà kò ní. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í rántí Faransé. Yorùbá ni yóò pariwo ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀, ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ní Àjàṣẹ́ ó lè jẹ́ Ègùn. Nọ́ńbà ilé kò sí lára ọ̀pọ̀ ilé wa. “Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, tóo bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta kpayo, ẹ yà sọ́wọ́ òsì.” Ẹni tó bá máa gbé ìpè yẹn gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń júwe ọ̀nà, ọ̀gá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá nínú ìpàdé pé báyìí ni àwọn ènìyàn wa ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo dárúkọ kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́, mi ò sì lè dárúkọ rẹ̀ kí n fò ó: ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, ibi ìkópamọ́ epo bẹ́ẹ̀ jó ní Sèmè-Kraké, ní ẹ̀bá ẹnubodè Nàìjíríà, ènìyàn tó lé ní 30 kú. Omi nìkan kì í pa iná bẹntiróòlù, ó lè gbé e káàkiri. Nítorí náà “Kí ló ń jó?” jẹ́ ìbéèrè tó lè pinnu irú ọkọ̀ tí panápaná máa gbé wá. Ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè rẹ̀ ni ẹni tó ti bá panápaná àti ọlọ́pàá jókòó.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn tó máa di ọ̀gá kọmisáríà, ìyẹn àgọ́ ọlọ́pàá, kí àwọn tó ń bójú tó ìpè jókòó pẹ̀lú wọn ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń kọ́ ìpinnu àti bí a ṣe ń darí ènìyàn. Kí ọ̀gá ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan fi wákàtí mẹ́rin jókòó ní yàrá ìpè lóru ọjọ́ ọjà, kó fi ẹ̀rọ sétí, kó máa gbọ́, kó má sọ̀rọ̀. Mo ti rí ọ̀gá tó jáde níbẹ̀ tí kò lè jẹun.

Nígbà tí mo parí, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wa zémidjan dìde. Ó ní, “Màmá, bí mo bá rí ìjàǹbá lójú ọ̀nà Ìlárá, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?” Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ibi tó wà. Mo wá ní kí gbogbo wa dán an wò: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan júwe gbọ̀ngàn tí a jókòó sí yìí fún ẹni tí kò dé Kétu rí. Bàbá kan bẹ̀rẹ̀ láti Àkàbà Ìdènà. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì bẹ̀rẹ̀ láti kọmisáríà. Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú pátákó. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé wa dé. Bàbá ọlọ́pàá náà wo pátákó náà títí, ó dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjà ní ìbéèrè.